Ẹjọ́ Mẹ́dàlì Bàbá Ajíbádé

Houston, Texas
Ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá, 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó bàjẹ́ kí n tó béèrè àlàáfíà yín, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi àlàáfíà, àánú yín á ṣe mí, n kò sì ní lè sọ ọ́ mọ́.

Mẹ́dàlì tí Bàbá Ajíbádé ń fi kọ́ àyà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọọdún kì í ṣe ti ológun. Ìyẹn lohun àkọ́kọ́ tó bàjẹ́. Mo fi fọ́tò rẹ̀ han Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́láhàn, ọmọ Ìkéré tó ṣe sójà títí ó fi fẹ̀yìn tì kó tó wá síbí. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní irú rẹ̀ ni wọ́n ń fún ọmọ ilé ìwé tó bá gba ipò kìíní nínú eré sísá.

Ìkejì, orúkọ Bàbá Ajíbádé yìí ló wà lókè téńté lára ògiri ìrántí tí àwa ọmọ Ìṣẹ́ tó wà lókè òkun ń kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn tó ja ogun abẹ́lé. "Sájẹ́ǹtì Ajíbádé, akọni." Ẹni tó ń gbẹ́ òkúta ti gbẹ́ ẹ tán. Èmi ni alága ìgbìmọ̀ ògiri náà. Èmi ni mo fọwọ́ sí i.

Ìkẹta ló ń dùn mí jù. Ẹ̀yin kò sí lára ògiri náà rárá. Ẹ̀yin tí ìró ìbọn ńlá ba etí yín jẹ́, tí ẹ kò lè gbọ́ ohùn mi lórí fóònù, tí a fi ń kọ lẹ́tà síra wa bí ará àtijọ́! Nígbà tí Táyé, akọ̀wé wa nílé, wá gba orúkọ yín, ẹ ní kó máa lọ bá Ajíbádé.

Ta ló mọ̀? Bàbá Ajíbádé mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò lè ṣe kó má mọ̀. Mo bi Bísọ́lá tó ń tọ́jú yín bóyá ẹ̀yin náà mọ̀. Ó ní òun kò lè sọ, ṣùgbọ́n nígbà tí òun fi ọ̀rọ̀ mi hàn yín lórí fóònù òun, ẹnu kò yà yín. Ẹ kàn ní kó lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Bàbá, ẹ mọ̀. Ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó bí mi.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yìn pátápátá lẹ máa ń jókòó sí ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń rántí àwọn ológun lóṣù kìíní. Bàbá Ajíbádé á máa yan lọ síwájú, àwọn ọmọ á máa na ọrùn láti rí i. Mo bi yín nígbà kan pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin ò jagun ni?" Ẹ ní, "A jà á." Ẹ kò fi nǹkan kan kún un. Nítorí àyè tí ẹ jókòó sí yẹn ni mo ṣe dá ògiri yìí sílẹ̀. Kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí, n kì í fi nǹkan falẹ̀. Mo ti ní kí Táyé kọ ìwé ẹ̀sùn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ sí i, ẹ kọ ọ́ kó tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, kí Bísọ́lá ya á ní fọ́tò bó ṣe máa ń ṣe.

Ọmọ yín,
Adéṣọlá


Ìṣẹ́-Èkìtì
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá, 2025

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Ìkíni ìlà kan, ẹ̀sùn ojú ìwé méjì. Kòkó ni mo tà tí mo fi rán ọ lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní òwò ṣíṣe, ó sì hàn pé owó kòkó náà kò ṣòfò.

A ti ń ká kòkó. Òjò pẹ́ kó tó dá lọ́dún yìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló dúdú sórí igi. Orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ náà. Bísọ́lá ọmọ àbúrò mi ń tọ́jú mi. Nọ́ọ̀sì ni lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe ń da oògùn sí mi lọ́wọ́, bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ ni. Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti lè kí èèyàn lédè wa, àbí "hello" náà ló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ Ajíbádé, fi í sílẹ̀. Ní kí Táyé lọ gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Bí èèyàn bá purọ́, ẹ sọ fún un pé ó purọ́. A kì í tìtorí ọ̀rọ̀ ẹnu wọ́ àgbàlagbà lọ sí àgọ́. Táyé tí o rán níṣẹ́ yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kẹrin. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò ní sọ fún mi pé ewúrẹ́ jẹ ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá òun. Ewúrẹ́ wo ló ń jẹ ìwé ìṣirò nìkan? Mo nà án díẹ̀, mo fi í sílẹ̀, ó sì dàgbà di akọ̀wé yín. N kò pe ọlọ́pàá.

Nínú àwa tí a jọ ṣe kékeré, èmi àti Ajíbádé la kù. Òun nìkan ló mọ bí a ti ń pariwo sí mi létí láìṣe bí ẹni ń bá mi jà. Bísọ́lá ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá pè mí wá jẹun, gbogbo àdúgbò á rò pé mo jalè.

Fi í sílẹ̀, ọmọ mi.

Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀ wálé, fi ìpara tó ń ta lára bí ata yẹn rán an.

Bàbá rẹ,
Samuel Fámúyìwá


Houston
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú oko, ẹ kú orúnkún, ẹ kú ìfaradà Bísọ́lá. Ọkọ mi kí yín. Ọmọọmọ yín ti lè sọ "ẹ káàárọ̀", ṣùgbọ́n àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, "ẹ káàárọ̀" náà ni. Ìpara yín ti wà nínú ẹrù ẹnìkan tó ń bọ̀ sí Ìkéré kó tó di Kérésìmesì. Mo ti kí yín tán, Bàbá. Ẹ má tún rí ìyẹn gbá mú kí ẹ lè sá fún ìdáhùn.

Ẹ ní a kì í tìtorí ọ̀rọ̀ ẹnu wọ́ èèyàn lọ sí àgọ́. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí ohun tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ yìí sọ gan-an nìyẹn. Wọ́n ṣe òfin kan níbí nígbà kan rí, pé ẹnikẹ́ni tó bá purọ́ pé òun gba mẹ́dàlì ológun, ẹ̀wọ̀n ni. Ọkùnrin kan dìde nínú ìpàdé, ó purọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n mú un. Ẹjọ́ náà gòkè títí tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ àgbà. Wọ́n ní òfin náà tẹ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ mọ́lẹ̀, wọ́n fagi lé e. Wọ́n ní òtítọ́ ni kí wọ́n fi dá irọ́ lóhùn, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Nígbà tó yá, àwọn aṣòfin ṣe òfin mìíràn: àfi bí èèyàn bá fi irọ́ náà wá owó tàbí àǹfààní mìíràn ni wọ́n tó lè mú un.

Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́láhàn kò fara mọ́ àwọn adájọ́ yẹn rárá. Ó ní, "Àǹtí Ṣọlá, bí mo bá tẹ owó ayédèrú, ṣé wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni mò ń sọ? Gbogbo mẹ́dàlì ayédèrú tó bá jáde síta ló ń dín ti ẹni tó jìyà gba tirẹ̀ kù." Ọkùnrin yìí fi ìka méjì sílẹ̀ lójú ogun. Kí ni kí n sọ fún un? Kí n ní bàbá mi ní kí a fi í sílẹ̀?

Àti pé, Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ́. Bàbá Ajíbádé ń gba nǹkan. Ó ń gba ìjókòó iwájú. Ó ń gba àpò ìrẹsì tí wọ́n ń pín fún àwọn tó jagun ní oṣù kìíní, Táyé ló sọ fún mi. Ó gba òkè ògiri. Ògiri yẹn, èmi ni mo fi ìpàdé lẹ́yìn ìpàdé kó àwọn èèyàn jọ nítorí rẹ̀, mo ń bá àwọn tí kò fẹ́ dá nǹkan kan jà, mo ń sọ fún wọn pé òtítọ́ ìlú wa la fẹ́ gbẹ́ sára òkúta.

"Fi í sílẹ̀" kì í ṣe ìdí. Níbi iṣẹ́ mi, ẹni tó bá fi ìyẹn dá mi lóhùn máa tún ìwé rẹ̀ kọ ni. Ẹ fún mi ní ìdí kan ṣoṣo tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, n ó sì ní kí Táyé gba ìwé náà padà. Mo ń retí rẹ̀ títí di ọjọ́ kẹrìnlélógún.

Ọmọ yín,
Adéṣọlá


Houston
Ọjọ́ kejì oṣù kejìlá, 2025

Bàbá mi,

Ọjọ́ tí mo dá ti kọjá tipẹ́. Bísọ́lá ní ẹ ń jẹun, ẹ ń lọ sóko, ẹ ń bá àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, àmọ́ bí òun bá ti gbé bírò sí iwájú yín, ẹ ó dìde lọ ṣa igi.

Mo gbọ́ pé àwọn ọlọ́pàá ti ránṣẹ́ pe Bàbá Ajíbádé. Mo bi Táyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kì í dákẹ́ lórí fóònù, ó ń kálòlò. Ó ní, "Àǹtí, ẹ béèrè lọ́wọ́ Bàbá yín." Kí ni kí n béèrè? Ṣé wọ́n lù ú ni? Ṣé ó ṣàìsàn? Ṣé mo ti ṣe ohun tí n kò ní lè tún ṣe?

Bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ń bínú. Mo lè gba ìbínú yín. Ìdákẹ́ yín ni n kò lè gbà, Bàbá. Mo ti ń gbà á láti kékeré.

Ìlà kan tó.

Adéṣọlá


Ìṣẹ́-Èkìtì
Ọjọ́ keje oṣù kejìlá, 2025

Adéṣọlá ọmọ mi,

N kò bínú. Mo ń wá ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ ni, bí mo bá sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, n ó dìde lọ ṣa igi. Mo ti pinnu pé n ó jókòó kọ ọ́, kódà bí mo bá ń fagi lé e. Bí o kò bá rí ibì kan kà, bi Bísọ́lá.

Ẹnikẹ́ni kò lu Ajíbádé. Lọ́jọ́ tí ìwé ọlọ́pàá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó fi mẹ́dàlì kọ́ àyà, ó gun ọ̀kadà wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Ó ní, "Tíṣà, ọlọ́pàá ń pè mí. Dìde ká lọ. Bí wọ́n bá tì mí mọ́lé, ìwọ ni yóò máa gbé oúnjẹ wá, nítorí ìyàwó mi ti ní òun ò ní bá mi débẹ̀."

DPO wọn, ọ̀gá àgọ́ náà, obìnrin ni, ọmọ Ìjàn, kò ju ọjọ́ orí rẹ lọ. Ó gbé àga fún wa. Nítorí etí mi, ńṣe ló ń pariwo, gbogbo àgọ́ sì gbọ́ ẹjọ́ náà, títí kan àwọn tó wà nínú àtìmọ́lé.

Ó ní, "Bàbá, mẹ́dàlì yìí, níbo lẹ ti rí i?"

Ajíbádé ní, "Mo rà á ni."

"Ẹ rà á?"

"Ní ọjà Ìkéré, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta bọ́tìnnì. Mo tún ná an mọ́ ọn lọ́wọ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà, ó yára fi ọwọ́ bò ó. Ó ní, "Ṣé ẹ kò jẹ́ sójà rí ni?"

"Rárá o. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mí. Ọkọ̀ tí mò ń bá lọ ló ń kó uṣu lọ fún àwọn sójà. Bí wọ́n bá ń fi mẹ́dàlì dá ẹni tó ru uṣu lọ́lá, ǹ bá ti gba mẹ́wàá."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń purọ́ láti ọjọ́ yìí?"

Ajíbádé wò mí. Kò wò ó, èmi ló wò. Ó ní, "Ìyẹn, n kò ní sọ. Ẹ tì mí mọ́lé."

Ọkùnrin kan nínú àtìmọ́lé pariwo pé, "Bàbá, kò sí àyè níbí o! Ẹ máa lọ sílé!"

Táyé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Mo ní, "Ìwọ Táyé, ṣé ewúrẹ́ jẹ ahọ́n rẹ ni?"

DPO ní níwọ̀n ìgbà tí ìwé ẹ̀sùn ti wà nílẹ̀, òun kò kàn lè fà á ya. Ó ní kí Ajíbádé padà wá ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí pẹ̀lú lọ́yà. Bí ẹni tó mú ẹ̀sùn wá bá gbà á padà kí ọjọ́ náà tó pé, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá gbà á, ó di kóòtù.

Láti ọjọ́ náà, Ajíbádé kò jáde mọ́. Mo lọ bá a. Ó ní òun kò ní dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láéláé. Mo ní, "Stephen ńkọ́?" Ó yí ojú sí ògiri.

O bi mí ní ìdí. Ìdí náà ni Stephen.

Èmi àti Stephen la jọ wọ iṣẹ́ sójà láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Ìkéré. A fi ọdún kún ọjọ́ orí wa. Ẹni tó kọ orúkọ wa mọ̀ pé a purọ́, ó sì kọ ọ́. Ìyá rẹ̀, Victoria, ilé kejì sí tiwa ló ń gbé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Ìbọn kọ́ ló pa Stephen, Ṣọlá. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa á, lẹ́yìn odò kan tí n kò fẹ́ dárúkọ, nínú ẹrẹ̀. Ó lágbára jù mí lọ, ó sì gbẹ bí igi kó tó kú. Ó ń pe ìyá rẹ̀. Kò sí omi tó mọ́ tí mo lè fi wẹ̀ ẹ́. Bó ṣe rí la ṣe sin ín.

Ọ̀gá kan kọ ìlà kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé ó kú lójú ìjà bí akọni. Ìyá náà kò gbà. Ó ní, "Ta ló rí i?" Nígbà tí ogun parí tí mo dé, ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa ń gbé abọ́ oúnjẹ wá, á jókòó kọjú sí mi. "Samuel, sọ fún mi. Báwo lọmọ mi ṣe kú?" Ẹnu mi kò là. Kì í ṣe pé n kò fẹ́. Mo lè sọ̀rọ̀ nípa gbogbo nǹkan mìíràn, bó bá ti kan Stephen, n ó dìde lọ fọ abọ́ rẹ̀. Ó ń gbẹ lójú mi bí ọmọ rẹ̀ ṣe gbẹ.

O mọ àṣà ṣọ́ọ̀ṣì wa. A kì í ka orúkọ òkú ogun láti inú ìwé. Ẹni tó ti ogun dé, tó rí i, ló ń dìde pe orúkọ ẹni tí kò dé, á sì wí pé, "Mo wà níbẹ̀." Bí kò bá sí ẹni tó wà níbẹ̀, a kò ní pè é. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n pe gbogbo wọn tán. Ìyá Stephen dúró. Àlùfáà dúró. Gbogbo ìjọ ń wò mí. Mo di bẹ́ǹṣì iwájú mi mú, n kò lè dìde. Wọ́n jáde láìpe ọmọ rẹ̀.

Lọ́dún kejì, Ajíbádé dìde. Ó pe, "Stephen, ọmọ Victoria. Mo wà níbẹ̀." Ó ní òun ló gbé e pọ̀n jáde lábẹ́ ìbọn, pé ó ń rẹ́rìn-ín, pé ó ní kí wọ́n sọ fún ìyá òun kó má sunkún jù. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìyá náà sunkún, ó sì jẹun lọ́jọ́ náà, ó jẹun títí dọ́jọ́ ikú rẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, "Ìwọ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, báwo lo ṣe débẹ̀?" ló lọ ra mẹ́dàlì. Ní ti "Sájẹ́ǹtì", ìlú ló fi kún un. Òun kò kọ̀ ọ́, mo gbà.

N kò ní tàn ọ́. Àwọn ọdún kan wà tí ìrìn rẹ̀ yẹn dùn mí. Ọ̀rọ̀ Gbọ́láhàn nípa owó ayédèrú, òtítọ́ wà nínú rẹ̀, bá mi kí i fún ìka rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ ìlà kan yẹn náà purọ́. Èwo nínú àwọn méjèèjì lọlọ́pàá yóò mú? Ẹni tí a bá fún ní agbára láti máa ti ẹni tó purọ́ ogun mọ́lé, òun náà ni yóò máa sọ èyí tó jẹ́ irọ́. Lọ́jọ́ tí èmi bá la ẹnu pé ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa Stephen, wọ́n lè ní èmi ni òpùrọ́, nítorí ìwé tiwọn sọ pé ìbọn ni. Ìdí mi nìyẹn, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ìrẹsì tí o sọ, òótọ́ ni, ó ń gbà á. Èmi ni mo ń bá a jẹ ẹ́. Fi orúkọ mi kún ẹ̀sùn náà.

Orúkọ rẹ̀ lórí ògiri yàtọ̀. Òkúta kì í ṣe ẹnu. Ẹnu ń kú, òkúta á máa sọ ọ́ fún ọmọ tí a kò tíì bí. Pa á rẹ́, n kò ní bá ọ jà.

Ohun kan ló ń já mi láyà, oṣù kìíní tó ń bọ̀. Bí Ajíbádé kò bá dìde, ta ni yóò pe Stephen?

Bàbá rẹ


Houston
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá, 2025

Bàbá mi, Bàbá mi, Bàbá mi,

Gbogbo ohun tí ẹ kọ ni mo rí kà. N kò bi Bísọ́lá ní nǹkan kan. Ọkọ mi bá mi ní ilé ìdáná níbi tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rò pé ẹnìkan kú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnìkan kú, ó ti pẹ́, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú ìrora tí ẹ nìkan rù láti ọjọ́ yìí. Gbogbo ìgbà tí mo ń bá yín jà pé ẹ kì í sọ̀rọ̀, mo rò pé ẹ kò fẹ́ bá èmi sọ̀rọ̀ ni.

Mo ti ṣe ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Mo pe DPO náà fúnra mi. Ó ní òun ti ń retí kí ẹnìkan pe òun nítorí ẹjọ́ yìí, pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, òun kò tíì rí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tó fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n ti òun mọ́lé. Táyé yóò lọ fọwọ́ sí ìwé láàárọ̀ ọ̀la pé a gba ẹ̀sùn náà padà. Lẹ́yìn náà yóò lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ajíbádé ní orúkọ mi. Mo ti sọ fún un pé kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja o, kó má fi ọwọ́ kan ilẹ̀ lásán. Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́láhàn náà. Mo sọ ìdí tí Bàbá Ajíbádé fi dìde fún un. Ó ní, "Ṣé bàbá yẹn ṣì ń jẹ uṣu?" Ó fẹ́ rán nǹkan sí i. N kò mọ̀ bóyá ó ti gbà, ṣùgbọ́n kò bínú mọ́.

Èmi náà kò tíì gbà tán, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ẹ borí mi lórí ọlọ́pàá. Kò yẹ kí wọ́n mú un, kò yẹ kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni tó ṣe bíi tirẹ̀. Àmọ́ àwọn adájọ́ tí mo sọ fún yín pé òtítọ́ ni kí wọ́n fi dá irọ́ lóhùn, wọn kò sọ ohun tí a ó ṣe bó bá jẹ́ pé ẹni kan ṣoṣo ni òtítọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹni náà sì dákẹ́. Nítorí ìdákẹ́ yín ni ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe di sójà. Kì í ṣe pé mo ń dá yín lẹ́bi, Bàbá. Bàbá Ajíbádé ti bá yín sọ ọ́ tó. Ó ti rẹ òun náà.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́.

A ó pa òkè ògiri rẹ́. Stephen, ọmọ Victoria, ni yóò wà níbẹ̀. Orúkọ yín yóò wà nísàlẹ̀ tirẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ kò fẹ́, ìgbìmọ̀ ti dìbò. Bàbá Ajíbádé náà yóò wà níbẹ̀, láìsí "Sájẹ́ǹtì": "Ajíbádé, tó kó oúnjẹ lọ bá wọn." Òótọ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè torí rẹ̀ mú un.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kọkànlá oṣù kìíní, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ pe Stephen. Ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ kò ní sọ bó ṣe kú. Ìyẹn tiyín ni, títí ẹ ó fi fẹ́ sọ ọ́, ẹ sì lè má fẹ́ láéláé. Orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, àti "Mo wà níbẹ̀." Kí Bàbá Ajíbádé dúró tì yín láìfi nǹkan kọ́ àyà. Bí orúkọ náà kò bá tètè jáde, kó di yín lọ́wọ́ mú, kí ìjọ dúró. Wọ́n ti dúró dè yín nígbà kan rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún dúró. Èmi náà á wà níbẹ̀, mo ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ń mú ọmọọmọ yín bọ̀.

N kò lè ṣe èyí fún yín, Bàbá, n kò sì lè rán Táyé. Ẹ lọ sí ilé Bàbá Ajíbádé. Ẹ kan ilẹ̀kùn títí yóò fi ṣí i. Ẹ sọ fún un pé ẹ ó dìde, kí ẹ tó sọ fún èmi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá oṣù yìí, ni mo fún yín. Ìdáhùn kan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀: ṣé ẹ ó pe orúkọ Stephen? Ẹ kọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́", kí Bísọ́lá fi ránṣẹ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá kọ, bàbá mi náà lẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́, Bàbá. Ọjọ́ Ẹtì. N kò ní fi ọjọ́ kan kún un.

Adéṣọlá yín